Ìyá ọmọ ń bi mí pé "Ṣé ọmọ mi á yè?" Kí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì sọ?

Ọmọ Surulere
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún kejì ni mo wà níléèwé nọ́ọ̀sì, Mainland níbí náà ni, mi ò ní dárúkọ ọsibítù. Wọ́ọ̀dù ọmọdé ni wọ́n pín wa sí báyìí. Iṣẹ́ ọwọ́ ò ni mí lára, mo lè wo bí ara ṣe gbóná sí, mo lè ka èémí, mo lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì bó ṣe yẹ, sísítà wọ́ọ̀dù gan-an sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń dà mí láàmú. Ìyá kan wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì [mo ti yọ ọ́], ọmọ ẹ̀ wà lórí ọ́síjìn, tí mo bá ti sún mọ́ wọn báyìí á di etí ìró ẹ̀ mú, á máa ká a, á máa tú u, kò ní wo ojú mi, á ní "nọ́ọ̀sì mi, ṣé ọmọ mi á yè?" Kò sí ọjọ́ tí kò ní bi mí. Ẹnu mi á kàn wúwo. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí kò wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Tí mo bá dákẹ́, ó máa rò pé mo mọ nǹkan tí mò ń fi pamọ́.

Èkejì, bàbá kan jágbe mọ́ mi níwájú gbogbo èèyàn torí oògùn ọmọ ẹ̀ ò tíì dé láti fámásì, omi bọ́ lójú mi, sísítà kan ní nọ́ọ̀sì tó bá ń sunkún ò lè ṣiṣẹ́ yìí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ti ọkàn mi pa, pé tí mo bá dé ọdún kẹta kò ní dùn mí mọ́. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ kó má dùn mí mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí mo bá rí i pé nǹkan ń yí padà lára ọmọ kan, tí mo fẹ́ lọ sọ fún sísítà, ọ̀rọ̀ á kàn máa fò lẹ́nu mi, wọ́n á ní "kí lò ń sọ gan-an?" Wọ́n kọ́ wa ní communication ní kíláàsì, a kọ ọ́ sínú ìwé, a ṣe ìdánwò ẹ̀, a sì pàsì. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin máa ń sọ gan-an?

Sísítà Àgbà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta
Ọmọ mi, kọ́kọ́ lọ yọ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì tó o kọ sókè yẹn ná ká tó sọ ohunkóhun. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa, èyí tí wọ́n ṣe ní 2014, sọ pé ọ̀rọ̀ aláìsàn àṣírí ni, orúkọ nìkan kọ́ ló sì ń tú àṣírí, ẹni tó bá mọ wọ́ọ̀dù yẹn á mọ ẹni tí ò ń wí.

Ní ti ẹkún, mi ò ní tàn ẹ́. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwa, ẹni tó bá sunkún ní wọ́ọ̀dù á lọ bọ́jú kó tó padà wọlé. Ojú wa ni aláìsàn ń wò. Bí ojú nọ́ọ̀sì bá ti fà ro, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì á ti ro ara ẹ̀ pin. Túra ká kó o tó wọlé, kí gbogbo wọn láti ẹnu ọ̀nà, jẹ́ kí ohùn ẹ rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tútù ló ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ló ń yọ ọfà nínú apó. Ìbéèrè ìyá yẹn, ní kó bi dókítà. Iṣẹ́ ẹ kọ́ nìyẹn.

Adé ICU
Sísítà mi, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́, mi ò gbà pẹ̀lú yín níbi "bi dókítà" yẹn. Dókítà ti yí wọ́ọ̀dù láàárọ̀, ó ti lọ, ìyá yẹn ló jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, nọ́ọ̀sì ló ń rí. Tí gbogbo ẹni tó bá bi bá ń ní kó lọ bi ẹlòmíì, ta ló fẹ́ wá bá sọ̀rọ̀?

Omi ojú náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí kò dáa ni kí aláìsàn wá di ẹni tó ń rẹ nọ́ọ̀sì lẹ́kún. Tó o bá ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, tó ò lè dá a dúró, sọ pé "ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, mò ń padà bọ̀." Lọ síbi tá a ti ń fọwọ́, mí kanlẹ̀, fi omi tútù sójú, kó o sì padà lóòótọ́. Àìpadà yẹn gan-an ló máa ń dùn wọ́n.

Bàbá Ìbejì Bariga
Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, ìyàwó mi ló fi línkì yìí ránṣẹ́ sí mi torí ó mọ ohun tójú wa rí nígbà tí wọ́n dá ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wa dúró ní ọsibítù kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa tá à ń pariwo. Wọ́n á ní ẹ lọ ra gúlọ́ọ̀fù àti dírípù, ẹ dé, wọ́n á ní ẹ lọ sanwó láàbù, ẹ débẹ̀, ẹni tó ń gbowó ti jáde, ẹ dúró, ẹ padà dé, wọ́n á ní rìsíìtì tàná dà, gbogbo àsìkò tẹ́ ẹ fi ń sáré yẹn ẹ ò rí ọmọ yín, ẹ ò mọ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Tó o bá rí bàbá tó ń jágbe, wo ọwọ́ ẹ̀, wàá rí bébà níbẹ̀ tó ti rún.

Ọmọ iléèwé kan bíi tìẹ ló wá bá mi lọ́jọ́ náà. Kò ní kí n fara balẹ̀. Ó ní "bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó," ó gba àwọn bébà yẹn, ó fi ọwọ́ tẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì, ó ní "èyí ẹ ti san, èyí náà ẹ ti san, ẹyọ kan yìí ló kù, ilé kejì lápá òsì ni, tẹ́ ẹ bá dé ẹ wá bá mi níbí." Ara mi balẹ̀ wẹ́rẹ́. Nítorí Ọlọ́run ẹ má sọ fún ẹni tó ń bínú pé kó fara balẹ̀, ńṣe ló ń dà bíi pé ẹ ò rí ìdí tó fi ń bínú.

Olùkọ́ Nọ́ọ̀sì Yaba
Mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, mo sì máa ń tẹ̀ lé wọn lọ sí wọ́ọ̀dù, torí náà ẹ gbà mí láàyè kí n gùn díẹ̀.

Ọmọ Surulere, ohun tí ò ń bèèrè yìí kì í ṣe àbímọ́. Ẹ̀kọ́ ni, wọ́n ń kọ́ ọ ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ abẹ́rẹ́ gígún. Hildegard Peplau, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ láti 1952 pé àjọṣe tó wà láàárín nọ́ọ̀sì àti aláìsàn wà lára ìtọ́jú fúnra ẹ̀, kì í ṣe ohun tá a máa ń ṣe tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Nígbà tó di 1990 Peter Salovey àti John Mayer ṣàlàyé ohun tí wọ́n pè ní emotional intelligence: kéèyàn mọ ohun tó ń ṣe òun lọ́kàn, kó mọ ohun tó ń ṣe ẹlòmíì, kó sì fi ohun tó mọ̀ yẹn darí ọ̀rọ̀ àti ìṣe ẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti ní kí ọkàn ẹ yigbì. Ọ̀rẹ́ ẹ tó ní kó o ti ọkàn pa, sọ fún un pé nọ́ọ̀sì tí nǹkan ò dùn mọ́ kì í tètè rí i tí aláìsàn bá ń yí padà, torí kò wò wọ́n lójú mọ́.

Ó wá ku ìbéèrè ìyá yẹn. Sísítà Àgbà sọ òótọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọ́dọ̀ sọ bí àìsàn á ṣe yọrí sí. Dókítà ló ni ìyẹn, àwọn náà sì ní ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé tí wọ́n bá fẹ́ sọ ìròyìn tí kò dáa, SPIKES ni wọ́n ń pè é, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000 fún àwọn dókítà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ. Ìpele mẹ́fà ló ní, kí wọ́n tó sọ ohunkóhun rárá wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè ohun tí aláìsàn fúnra ẹ̀ ti mọ̀. Ìyẹn ni kó o yá lò. Fa àga, jókòó. Tí kò bá sí àga, lóṣòó kí ojú ẹ àti tiẹ̀ ṣe déédéé, má dúró lé e lórí. Sọ pé "mo rí i pé àyà yín ń já gan-an. Kí ni wọ́n sọ fún yín láàárọ̀ yìí?" Lẹ́yìn náà kó o dákẹ́. Ó máa pẹ́ lójú ẹ. Ó máa ṣe ẹ́ bíi kó o fi nǹkan kan dí i, bíi "ẹ má ṣèyọnu, kò sí nǹkan kan." Má sọ ọ́. Jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, torí nígbà míì ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe ohun tó o rò, mo ti rí ìyá tó rò pé ọ́síjìn tí wọ́n fi sí ọmọ òun nímú ló túmọ̀ sí pé ó ti parí.

Tó bá sọ ọ́ tán, dá a lóhùn pẹ̀lú ohun tó o mọ̀ tó jẹ́ òótọ́. "Màmá, mi ò mọ bó ṣe máa rí, mi ò sì ní parọ́ fún yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé à ń ka èémí ẹ̀ látìgbàdégbà, ó gba wàrà ẹ̀ láàárọ̀. Màá sọ fún sísítà pé ẹ fẹ́ bá dókítà sọ̀rọ̀, màá sì padà wá sọ ohun tí wọ́n bá wí fún yín." Kó o lọ sọ ọ́ o, kó o sì padà wá, kódà tó bá jẹ́ pé "wọn ò tíì dé" lèsì.

Tọ́pẹ́ Obalende
Gbogbo eléyìí dáa, ṣùgbọ́n Èkó la wà. Tí ìyá bá ń bi ẹ́ pé ṣé ọmọ òun á yè, tó ò ṣe "Ọlọ́run á wò ó sàn lágbára Ọlọ́run," wọ́n á ní aláìláàánú ni ẹ́. Èmi máa ń bá àwọn aláìsàn mi gbàdúrà, mo sì ń rí i pé ó ń fún wọn lókun.

Adé ICU
Tọ́pẹ́, mi ò bá àdúrà jà. Mo kàn ní kó ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Krìstẹ́nì wà níbẹ̀, oníṣẹ̀ṣe wà níbẹ̀, o ò mọ èyí tó wà níwájú ẹ. Tó bá ní "ẹ bá mi gbàdúrà," dúró tì í, ṣe àmín. Ohun tí mi ò fẹ́ ni ká fi "Ọlọ́run á ṣe é" pa ẹni tó ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́. Ọkùnrin kan sọ fún nọ́ọ̀sì kan pé ẹ̀rù ń ba òun, wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ òun, nọ́ọ̀sì ní "ẹsẹ̀ yẹn ò ní í gé lórúkọ Jésù," ó bá tiẹ̀ lọ. Wọ́n gé e. Bí nọ́ọ̀sì yẹn ṣe fẹ́ wá pààrọ̀ báńdéèjì ẹ̀, ọkùnrin yẹn kọjú sí ògiri. Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi lọ sílé.

Tọ́pẹ́ Obalende
Ti ẹsẹ̀ yẹn yé mi. Ẹni tí mo bá ti mọ̀ dáadáa, tó máa ń fúnra ẹ̀ bèèrè, mi ò ní dá àdúrà dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣá.

Ọmọ Surulere
Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Bàbá Ìbejì, mo ka ti yín lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un: àwọn tí wọn ò gbọ́ Yorùbá ńkọ́? Ìyá kan wà, Ègùn nìkan ló ń sọ, ọmọ ẹ̀ obìnrin tó ṣì wà ní praimárì là ń fi ṣe ògbufọ̀, ọmọ yẹn á sì máa wo ilẹ̀ tó bá ń túmọ̀.

Ìyá Àbíyè Ìsàlẹ̀ Èkó
Ẹ má fi ọmọ ṣe ògbufọ̀! Báwo ni ọmọ praimárì ṣe fẹ́ sọ fún ìyá ẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀ jù, tàbí pé àbúrò òun lè kú? Ẹrù yẹn wúwo fún un, ìyá náà ò sì ní lè sọ ohun tó ń ṣe é lábẹ́ níwájú ọmọ. Ẹ pe ẹbí tó ti dàgbà.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ eléyìí torí agbẹ̀bí ni mí. Lọ́sibítù Èkó gbogbo obìnrin ni wọ́n ń pè ní mummy. Obìnrin tí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ lára ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan dé tẹ̀ríntẹ̀rín, "mummy, ẹ jẹ́ kí n wo BP yín." Ọmọ náà ò ní in lọ́kàn láti bà á nínú jẹ́ rárá, ó tiẹ̀ níwà. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, mo rí obìnrin yẹn. Ẹ ka fáìlì kẹ́ ẹ tó dé bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ sì bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ máa pè wọ́n. Bó ti wù kí aláìsàn kéré tó, tó bá ti jẹ́ àgbàlagbà, "ẹ" ni kẹ́ ẹ fi bá a sọ̀rọ̀ títí tó fi máa ní kẹ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń gbọ́ àwọn ọmọ tó ń sọ "o ti jẹun?" sí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta torí pé aṣọ tó wọ̀ ti gbó. Ó ń bí mi nínú.

Ọmọ Makoko
Ègùn ni mí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ìyá Àbíyè, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n òru ńkọ́, tó jẹ́ pé ọmọ yẹn nìkan ló wà? Tó bá jẹ́ "ibo ló ń dùn yín," "ṣé ẹ fẹ́ mu omi," ẹ lè fi ọmọ bèèrè. Tó bá ti di orúkọ àìsàn, tàbí iṣẹ́ abẹ, tàbí kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, ẹ pe ẹbí lórí fóònù, ẹ gbé e sí sípíkà. Tàbí kẹ́ ẹ wá klínà tó gbọ́ Ègùn.

Ohun tẹ́ ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ̀: ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ Yorùbá tá a fi ń tajà. A lè fi ná ẹja. Tí ọ̀rọ̀ bá wá di ti inú ara, kì í tó wa lò. Nọ́ọ̀sì á ní "ṣé ó yé yín?" a ó ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ojú ń tì wá. Ẹ má bèèrè bóyá ó yé wa. Ẹ ní "ẹ bá mi sọ bẹ́ ẹ ṣe máa lo oògùn yìí tẹ́ ẹ bá délé, kí n lè mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa." Ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀.

Ìyá Àbíyè Ìsàlẹ̀ Èkó
Mo gbà fún ẹ nípa ti òru. Klínà yẹn ni mi ò gbà. Ẹni tó bá máa túmọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí aláìsàn fúnra ẹ̀ fọwọ́ sí, àdúgbò kan náà ni klínà yẹn àti ìyá yẹn lè jọ ń gbé. Ohun tó o sọ gbẹ̀yìn yẹn, kó o bi wọ́n kí wọ́n tún un sọ, ó kan Yorùbá náà o, kì í ṣe Ègùn nìkan. Ìyàwó tó kàwé gan-an máa ń gbàgbé tí ara bá ń ro ó.

Adé ICU
Ọmọ Surulere, o sọ pé ọ̀rọ̀ ń fò lẹ́nu ẹ tó o bá fẹ́ bá sísítà sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó tíì dá ẹ lóhùn lórí ìyẹn. Kọ́ SBAR, ìlànà ìpele mẹ́rin tá a fi ń jábọ̀ nípa aláìsàn ni. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló ń lò ó nínú ọkọ̀ abẹ́ omi wọn kí àwọn ilé ìwòsàn tó gbà á. Bó o ṣe máa tò ó nìyí: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí (Situation), ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ (Background), ohun tí ìwọ rí (Assessment), ohun tí ò ń fẹ́ kí wọ́n ṣe (Recommendation). Bí àpẹẹrẹ: "Sísítà, ọmọ oṣù mẹ́jọ tó wà lórí ọ́síjìn, èémí ẹ̀ ti di 64 ní ìṣẹ́jú kan. Òtútù àyà ló gbé e wá, 48 ni mo kà láàárọ̀. Àyà ẹ̀ ń wọnú tó bá ń mí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá wò ó báyìí." Ó tán. Mọ nọ́ńbà ẹ náà: WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá, tó bá ti dé 50, èémí ẹ̀ ti yára jù nìyẹn, ọmọ ọdún kan sí ọmọ tí ò tíì pé márùn-ún, 40. Tó o bá ti ní nọ́ńbà lọ́wọ́, ohùn ẹ ò ní gbọ̀n. Tí wọ́n bá fi fóònù pe dókítà, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Sísítà Àgbà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta
Akẹ́kọ̀ọ́ ò ní fi fóònù pe dókítà o, Adé, má jẹ́ kó lọ ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n wá bá a wí. Nọ́ọ̀sì tó wà lórí iṣẹ́ ló máa sọ fún. Tí wọn ò bá dá a lóhùn, kó tún un sọ, kó sọ pé "sísítà, ọkàn mi ò balẹ̀ lórí ọmọ yìí." Sísítà tó mọṣẹ́ ò ní gbọ́ ìyẹn kó jókòó.

Ó ku ohun tí kò sẹ́ni tó sọ. Tí ọmọ yẹn bá lọ jàre, kí Ọlọ́run má ṣe é, má sá fún ìyá ẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tuntun máa ń gba ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì kọjá torí wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Kò sóhun téèyàn lè sọ. Dúró tì í, bá a di ìró ẹ̀ tó bá tú, bi í pé ta ni ká pè fún un. Tó o bá kúrò níbẹ̀, bá ẹnì kan sọ ọ́ kó o tó wọ dánfó. Ní tiwa, wọn ò jẹ́ ká sọ ọ́. Mo mọ àwọn tá a jọ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé e títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Àlàáfíà Yaba
Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti Sísítà. Tí oorun bá ti ń dá lójú ẹ fún ọjọ́ púpọ̀, tí oúnjẹ ò wọlé, tí ọkàn ẹ ń pòrúurùu kó o tó jáde nílé, tó jẹ́ pé títẹ́ bẹ́ẹ̀dì gan-an ti ń ba ẹ́ lẹ́rù, lọ rí àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn níléèwé yín, tàbí kó o lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yaba. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn ń pe ibẹ̀ ní Yaba Left, wọ́n rò pé ti ẹni tó ń já sí títì nìkan ni. Àwọn tó ń wọ súùtì lọ síbi iṣẹ́ ń jókòó sí klíníìkì ibẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá lọ ṣe posting níbẹ̀, ẹ fetí sí bí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀, wọn kì í bèèrè ohun tí èsì ẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Ọmọ Surulere
Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Olùkọ́, a ti gbìyànjú láti fi ṣeré ní hostel, kí ẹnì kan ṣe aláìsàn kẹ́nì kejì ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ̀rín la kàn ń rín. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Olùkọ́ Nọ́ọ̀sì Yaba
Ẹ jẹ́ mẹ́ta, kì í ṣe méjì. Ẹnì kan nọ́ọ̀sì, ẹnì kan ẹbí aláìsàn, ẹnì kẹta ò ní sọ̀rọ̀, á máa wò, á máa kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé ó jókòó, ṣé ó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni yẹn, ṣé ó ṣe ìlérí tí kò lè mú ṣẹ. Ẹni tó ń ṣe ẹbí ni kẹ́ ẹ fún ní bébà, kẹ́ ẹ kọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ sọ síta síbẹ̀, bíi pé owó ti tán lọ́wọ́ ẹ̀, tàbí pé ọmọ kan ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni láti bèèrè títí ìyẹn fi máa jáde. Ẹ̀rín máa tán tí ẹni yẹn bá ní ohun gidi lọ́kàn. Ẹ má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹni tó ṣe ẹbí ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kó sọ ibi tí ara ti tù ú àti ibi tó ti fẹ́ dákẹ́ mọ́ nọ́ọ̀sì lẹ́nu, kí ẹni tó ń wò tó ka ohun tó kọ. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pààrọ̀ ipò. Ẹ fi ti bàbá tó ń jágbe bẹ̀rẹ̀, ìyẹn rọrùn ju ti ìyá lọ.